Iná Tó Ń Kán

Ọjọ́ tí NEPA mú iná lọ ni mo kọ́kọ́ rí bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù dáadáa.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Christofer Toumazou, tó so iná pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ara. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ NEPA.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn kan nígbà náà. Nọ́ọ̀sì kan sáré wá pè mí pé ECG ti bàjẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Mo débẹ̀, mo wo bébà náà. Dípò òkè kéékèèké tó yẹ kí n rí, ìlà dúdú kan ni, ó nípọn bí okùn àgbò. Baba tó dùbúlẹ̀ wò mí lójú, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé mo ti kú ni?" Mo yí bọ́tìnnì, mo pààrọ̀ wáyà, mo lu ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà náà ò yí padà. Ibi tí mo ti ń làágùn ni wọ́n ti mú iná. Ẹ̀rọ bọ́ sórí bátìrì, lójú ẹsẹ̀ sì ni bébà mọ́ roro. Ọkàn baba ń lù gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ti ń lù bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Iná tí ọkàn ń fi ránṣẹ́ sórí awọ ara ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt kan lọ. Iná inú ògiri ilé wa lé ní 220 volt, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara ènìyàn tó dùbúlẹ̀ sáàárín irú iná bẹ́ẹ̀ á máa gbà á bí eríàlì ṣe ń gba rédíò. Wáyà tó yẹ kó wọlẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní éàtì, ẹnikẹ́ni ò so ó. Ariwo NEPA lẹ̀rọ ń yà láti àárọ̀, a sì ń pè é ní ọkàn baba.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ara kì í pariwo. Willem Einthoven, ará Netherlands tó ṣe ẹ̀rọ ECG àkọ́kọ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1924, ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n tó 270 kìlógíráàmù. Èèyàn márùn-ún ló ń tù ú. Gbogbo irin yẹn, nítorí kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí kò tó ìmí ẹ̀fọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti fi ń gbé ẹ̀rọ ńlá ti ohùn kékeré. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ó rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ títí ó fi tó ti ara.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹnu ẹ̀rọ omi. Gbogbo fóònù tó wà nínú àpò yín yìí, transistor ló kún inú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Iṣẹ́ transistor dà bíi ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ṣí i, iná ń ṣàn. Tì í, iná dúró. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju méjèèjì yẹn lọ. Àmọ́ ta ni kò mọ ẹnu ẹ̀rọ ilé wa? O lè tì í títí ọwọ́ á fi bó, á ṣì máa kán: tó, tó, tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni transistor. Lẹ́yìn tí a bá ti ní a pa á, iná díẹ̀ ṣì máa ń yọ́ gba abẹ́ ìlẹ̀kùn kọjá. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ò fẹ́ rí jíjò yìí rárá, nítorí òun ló ń jẹ bátìrì nígbà tí fóònù ń sùn. Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìta inú ẹbí.

Ìyá mi kì í bínú sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán. Korobá ni wọ́n máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Tó bá di ìdájí, omi ìwẹ̀ ti wà ńlẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé korobá sábẹ́ iná tó ń kán ni àwọn oníṣẹ́ aago ọwọ́ ní Switzerland. Bátìrì aago kéré ju ẹ̀wà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lò tó ọdún kan kí oníbàárà tó padà wá pariwo. Eric Vittoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Neuchâtel bẹ̀rẹ̀ sí í fi transistor ṣiṣẹ́ ní ibi tí gbogbo ayé gbà pé ó ti kú, níbi tó ti ń kán lásán. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni Carver Mead, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Caltech ní California, rí ohun tó yà á lẹ́nu ní àwọn ọdún 1980. Iná tó ń kán yìí ní ìwà kan: bí o bá fi díẹ̀ kún agbára tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà transistor, kì í fi díẹ̀ pọ̀ sí i, ìlọ́po ló ń di. Ìwà yìí kan náà ni èérún iyọ̀ tó ń gba awọ iṣan ara wa kọjá ń hù. Òfin kan náà ló wà nínú iṣan àti nínú ẹ̀rọ, àmọ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń jò nìkan. Ọpọlọ ènìyàn ń jẹ nǹkan bí 20 watt, bí gílóòbù kékeré kan, ó sì ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ rí pé ó ń ṣe.

Ibí yìí ni Christofer Toumazou ti wọlé.

Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Gíríìkì láti erékùṣù Cyprus, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dàgbà sí. Kò jáde iléèwé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan tó ṣeé fọ́nnu. Iṣẹ́ wáyà ló kọ́, irú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń fi páìpù àti òòlù gbé kiri, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboniṣẹ́ ti Oxford, èyí tó ti di Oxford Brookes báyìí. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ẹ̀yin òbí kan tó wà níbí, ẹ mọ ara yín. Ní 1986 ó dé Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 33 ni nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí gbogbo ọ̀gá ń lé kọ̀ǹpútà oní-digital kiri, tí wọ́n ní ení àti òdo nìkan ló kù tó ní láárí, analogue ló gbá mú, ìyẹn iná tó ń ga tó ń wálẹ̀ bí ohùn, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan ní ó ń fi ọdún rẹ̀ ṣòfò.

Etí ló kọ́kọ́ mú un wọ ilé ìwòsàn. Inú etí wa lọ́hùn-ún, ẹ̀yà kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Ohùn tó ga ń mì ín ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohùn tó wúwo ń mì ín ní ìdí lọ́hùn-ún. Irun wẹ́wẹ́ tó tó 3,500 ló wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tó mì. Nínú ọ̀pọ̀ adití, irun yìí ló kú. Iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́pọlọ ṣì wà láàyè, ó kàn ń retí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ni. Graeme Clark, dókítà etí tí bàbá rẹ̀ ò gbọ́rọ̀ dáadáa, ti ki okùn wáyà tó ní ojú púpọ̀ bọ inú ìgbín yìí ní Melbourne ní Australia, ní ọdún 1978, aláìsàn náà sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìṣòro tó kù ni ẹrù. Ẹ̀rọ tó ń pín ohùn sí ọ̀nà-ọ̀nà kí wáyà tó gbé e wọlé, ara bẹ́líìtì ni wọ́n ń so ó mọ́ nígbà kan, bátìrì rẹ̀ sì ń tán bí iyọ̀ inú omi.

Toumazou àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Julius Georgiou, lo iná tó ń kán. Ní ọdún 2005 wọ́n gbé chip etí kan jáde, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kó transistor sí, tó ń jẹ 126 microwatt. Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ pín watt kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 126 nínú rẹ̀ ni. Iná tí gílóòbù 10 watt kan ń jẹ nínú ilé yín á gbé irú chip bẹ́ẹ̀ tó ju 79,000 lọ. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ohun tó ń jẹ iná kéré tó bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ara pátápátá, láìsí pé nǹkan kan yọ sẹ́yìn etí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí o, nítorí ọ̀rọ̀ etí yìí kan àwa Yorùbá ju bó ṣe kan Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Irun 3,500 ló wà nínú etí tí Ọlọ́run dá. Ojú wáyà tó wà lára okùn tí dókítà ń kì bọ etí wà láàárín 12 sí 22, ó sinmi lé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tí okùn yìí gbé dáadáa ni ìró: kọ́nsónáǹtì, fáwẹ́lì, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń parí, bó ṣe ń le tó ń rọ̀. Ohun tí kò gbé dáadáa ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Fún Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò dun ni púpọ̀, orin ló ń bà jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Ṣáínà, Mandarin àti Cantonese, pé ohùn ọ̀rọ̀ máa ń rú wọn lójú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀rọ etí. Ẹ wá fi tiwa sí i. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹni tó ń fẹ́yàwó, ohun tí àgbẹ̀ fi ń roko, ohun tí a fi ń rìnrìn àjò, ohun tí wọ́n fi ń jagun. Ìró kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n.

Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ẹ̀rọ etí yìí àti ìlù dùndún jẹ́ òdìkejì ara wọn. Onílù gba kọ́nsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀ pátápátá, ohùn nìkan ló gbé, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á mọ̀ bóyá wọ́n ń kì í tàbí wọ́n ń bú u. Ẹ̀rọ etí gbé gbogbo yòókù, ó wá fi ohùn sílẹ̀. Mo máa ń ronú pé tó bá jẹ́ pé ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ hùmọ̀ ẹ̀rọ etí, ohùn ni wọn ì bá kọ́kọ́ tọ́jú, wọn ì bá wá wá fáwẹ́lì lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín o.

Ó ti tó nípa etí. A bọ́ sórí ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1970, ọkùnrin ará Netherlands mìíràn, Piet Bergveld, ṣe ohun kan tó dà bí eré ọmọdé. Transistor ní irin kan lórí, irin yẹn ni ọwọ́ tí a fi ń ṣí ẹnu ọ̀nà. Bergveld yọ irin náà kúrò, ó da omi sí ipò rẹ̀. Ohun tó wà nínú omi ló wá ń ṣí ẹnu ọ̀nà báyìí: bí omi náà bá kan sí i, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan, iná á yí padà. Iṣan ara ló fẹ́ fi wò nígbà náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o: omi ló ń kan, iná ló ń kán. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ etí gbọ́ mi ní gbọ̀ngán yìí lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni mo pè.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Toumazou mú transistor olómi yìí, ó fi í sí ibi tó mọ̀ jù, ibi tí iná ti ń kán, ó wá bi í ní ìbéèrè kan: ṣé o lè gbọ́ DNA?

DNA dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin péré ló wà, a ń fi lẹ́tà A, T, C, G pè wọ́n, àmọ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n sín pọ̀ nínú ènìyàn. Okùn méjì ló dojú kọ ara wọn, A ń bá T rìn, C ń bá G rìn. Tí a bá ní okùn kan, tí a wá mú ìlẹ̀kẹ̀ tuntun wá, tó bá bá ti iwájú rẹ̀ mu, á há sí i. Bó ṣe ń há, á tu èérún háídírójìn kan síta, èérún náà gbé iná, ó sì ń mú kí omi tó wà níbẹ̀ kan díẹ̀. Tí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá bá a mu, kò sí nǹkan kan. Gbogbo ọgbọ́n náà nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ há, omi kan, iná kán. Ìlẹ̀kẹ̀ ò há, kẹ́kẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ó ti sá fún nígbà èwe ló wá bá a nínú DNA, ara gan-an ló wá ń sọ èdè kọ̀ǹpútà fún un.

Kó tó dìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka DNA. Wọ́n á pa ìlẹ̀kẹ̀ ní aró tó ń tàn, wọ́n á fi kámẹ́rà olówó ńlá wò ó. Transistor ò nílò aró, kò nílò kámẹ́rà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip fóònù náà ló lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ Toumazou, DNA Electronics, fún ilé iṣẹ́ Ion Torrent ti Jonathan Rothberg ní Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti lo ìmọ̀ náà ní 2010. Ní 2011, àwọn Rothberg kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti fi chip ka gbogbo DNA ènìyàn kan. Ta ni ẹni náà? Gordon Moore, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Intel sílẹ̀, ẹni tó sọ ní 1965 pé iye transistor inú chip kan á máa di ìlọ́po méjì. Transistor wá jókòó, ó ka baba rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní 2014, ilé iṣẹ́ tó ń fún ni ní ẹ̀tọ́ àwárí ní Yúróòpù fún Toumazou ní àmì ẹ̀yẹ onímọ̀ tó hùmọ̀ nǹkan tuntun.

Kí ni èyí kàn wá? Ẹ ò lè jókòó sí gbọ̀ngán yìí kí n má dárúkọ fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí ọmọge kan níbí tí wọn ò tíì bi pé, "Genotype ẹ ńkọ́?" kí ìfẹ́ tó rinlẹ̀. Gbogbo wàhálà AS àti SS yìí, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Nínú bílíọ̀nù mẹ́ta, ibi kan tó yẹ kí A wà, T ló jókòó síbẹ̀. Irú ìyàtọ̀ lẹ́tà kan bẹ́ẹ̀ gan-an ni transistor olómi dára fún. Wọ́n á ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ pé T nìkan ni yóò jẹ́ kó há. Omi bá kan, a jẹ́ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ síbí, kí ẹ má bàa rò pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá wo ẹ̀jẹ̀ wa. Àyẹ̀wò genotype tí wọ́n ń ṣe fún yín nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà kan tí wọ́n sì tan iná sí i, kí lẹ rò pé ó ń ṣe? Iná ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́tà kan tó yí padà yẹn ti mú díẹ̀ nínú iná kúrò lára haemoglobin, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn, nítorí náà tí iná bá ń fa irú A àti irú S, S á máa fà sẹ́yìn, A á sáré síwájú. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1949, ní Caltech kan náà tí Mead wá ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí ìmọ̀ yìí ti wà, owó pọ́ọ́kú ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé chip wá rọ́pò rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí chip náà máa ṣe tí bébà ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ò lè ṣe. Mo mọ̀ ọ́n: chip lè wo ọ̀pọ̀ àìsàn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka yín láti mọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba ara ìka kọjá. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló ronú kàn án ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀mí tó ti gbà là ò lóǹkà. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba awọ kọjá, awọ wa sì dúdú. Ní òpin 2020, àwọn dókítà ní Michigan kéde pé láàárín àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà ní ara wọn dá, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni atẹ́gùn ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Houston, ní Peckham, inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fi ìka bọ̀ nígbà Kòrónà. Bí mo bá rí ẹ̀rọ tuntun báyìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni: ara ta ni ẹ fi dán an wò?

Ohun tó mú kí Toumazou sáré tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni. Àbùkù kan wà nínú àbímọ́ ọmọ náà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìgbà tí wọ́n máa fi mọ̀, kíndìnrín ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi chip ṣe ìyanu jókòó ti ìbùsùn ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ń wò bí wọ́n ṣe so ọmọ mọ́ ẹ̀rọ tó ga ju dókítà lọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ aláìsàn kò fi lè kéré bíi pílásítà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣe é: Sensium, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó ń ka ìlù ọkàn, èémí àti gbígbóná ara ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ó ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì láìsí wáyà. Ẹ ronú nípa wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń ṣọ́ ọgbọ̀n aláìsàn lóru. Ní Imperial náà ni Pantelis Georgiou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe chip tó ń ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì tó ń tú insulin sínú ẹ̀jẹ̀, fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó máa fúnra rẹ̀ wo ṣúgà kó sì máa fúnra rẹ̀ fún wọn ní insulin. Iná tó ń kán náà ló wà nínú rẹ̀, torí ìwà sẹ́ẹ̀lì àti ìwà transistor tó ń jò jọ ara wọn, bí mo ṣe sọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣe ni mo fara mọ́. Ní 2019 ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, DnaNudge, ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á gba itọ́ ẹnu rẹ, wọ́n á fún ọ ní ohun tí o máa so mọ́ ọwọ́, tí o bá wọ ibi ìtajà o fi tọ́ka sí bísíkíìtì, á tan iná àwọ̀ ewé tàbí pupa, pé DNA rẹ fẹ́ ẹ tàbí kò fẹ́ ẹ. Ìyá tó bí mi ò nílò DNA kí wọ́n tó sọ fún mi pé kí n má jẹ bísíkíìtì. Àmọ́ nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, àpótí kékeré tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ bísíkíìtì yìí ni wọ́n yí padà sí àyẹ̀wò Kòrónà tí kò nílò láàbù. Láàárín bí wákàtí kan ààbọ̀ èsì ti dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún 5,000 àpótí, pẹ̀lú àyẹ̀wò mílíọ̀nù 5.8. Àwọn dókítà dán an wò, nínú 100 ẹni tó ní àrùn náà, ó ń mú 94. Mo gbé fìlà fún bísíkíìtì.

Kí n tó jókòó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé kó máa sọ pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọwùnmí Sadik, tí wọ́n bí ní Èkó, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Australia, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi iná mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú omi. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni wọ́n, kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ wá iṣẹ́ wọn kà.

Lẹ́yìn tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ní kí n gba ìbéèrè. Ọmọ iléèwé méjì béèrè nípa iye owó transistor olómi, mo dá wọn lóhùn, kò gba àkókò. Lẹ́yìn náà ni Màmá kan dìde ní ìlà kejì, ìró àti gèlè wọn bá ara mu. Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn wà ní Manchester, adití ni wọ́n bí i, wọ́n ti ki wáyà bọ etí ọ̀tún rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Etí òsì ṣì ń gbọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi sí ìyẹn. Màmá ń kì í lórí fóònù ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní, "Ẹ ní ẹ̀rọ náà kì í gbé ohùn. Ṣé oríkì tí mo ń kì fún un, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbọ́ ni?"

Gbọ̀ngán dákẹ́. Mo ní mi ò kì í ṣe dókítà etí, kí wọ́n bi dókítà ọmọ náà. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti rí ni pé etí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀ yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kù sí i jù, ibẹ̀ sì ni gíga àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ń gbé. Wáyà ọ̀tún á máa gbé ìró, ẹ̀rọ òsì á máa gbé ohùn, ọpọlọ á pa méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí wọ́n má bọ́ ẹ̀rọ òsì.

Màmá ní, "A jẹ́ pé tí mo bá lọ kí wọn ní oṣù Kejìlá, etí òsì ni kí n máa kì í sí?"

Mo ní kí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ ni, kí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kó lè fi méjèèjì gbọ́ wọn.